Ọmọ tó lé lọ́dún kan tó ń bì ṣáá, kí ló ń fà á, kí la lè ṣe?

Ìyá Tẹni:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá. Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ èébì ni mo bá wá. Ọmọ mi obìnrin ti lé lọ́dún kan ààbọ̀, ó ń rìn, ó ń sáré kiri ilé, àmọ́ ẹnu ọjọ́ mẹ́ta yìí ó kàn ń bì ṣáá ni. Nígbà míì tó bá jẹun tán ni, nígbà míì òru ni, tó bá ti wúkọ́ léraléra báyìí gbogbo ẹ̀ á tú jáde. Ìyá ọkọ mi ní eyín ló ń hù, aládùúgbò mi ní kí n lọ ra Flagyl, ẹlòmíì tún ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Mi ò fẹ́ da nǹkan tí mi ò mọ̀ sí i lẹ́nu. Ta ló mọ ohun tó máa ń fa irú èyí, kí lẹ sì ń ṣe sí i?

Màmá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ òògùn, ẹ bá wa dáhùn nǹkan díẹ̀. Ṣé ó ń yàgbẹ́ gbuuru? Ṣé ara ẹ̀ gbóná? Ṣé ó ń tọ̀? Kí ni àwọ̀ èébì yẹn, ṣé oúnjẹ lásán ni àbí ó pọ́n tàbí ó dà bí ewé? Tó bá bì tán, ṣé ó máa ń padà ṣeré àbí ṣe ló máa ń rẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀?

Ìyá Tẹni:
Kò yàgbẹ́ gbuuru mà, ara ẹ̀ ò gbóná, páḿpásì ẹ̀ ń kún dáadáa. Oúnjẹ tó jẹ ló ń bì, tàbí mílíìkì pẹ̀lú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Tó bá bì tán ó ń ṣeré lọ ni.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ìdáhùn yẹn fi ọkàn èèyàn balẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ẹ ṣì máa gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, torí èmi ò rí ọmọ yín lójú. Wọ́ọ̀dù ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nǹkan tá a sì máa ń kọ́kọ́ wá ni ohun tó bá èébì yẹn rìn. Tó bá bẹ̀rẹ̀ lójijì, tí ìgbẹ́ gbuuru wá tẹ̀ lé e, fáírọ́ọ̀sì inú ló pọ̀ jù níbẹ̀, bíi rotavirus tàbí norovirus. Èébì tiwọn sábà máa ń dáwọ́ dúró láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ìgbẹ́ gbuuru yẹn ló lè tó ọjọ́ márùn-ún sí méje kó tó lọ tán. Ṣùgbọ́n tí ara ọmọ bá gbóná, tó ń bì, tí kò sì yàgbẹ́ gbuuru, ẹ má sáré pè é ní ọ̀rọ̀ inú. Ibà máláríà máa ń mú ọmọ bì. Kòkòrò tó wọ ọ̀nà ìtọ̀ náà máa ń mú ọmọ bì, ọmọ tí kò sì tíì lè sọ̀rọ̀ kò lè sọ fún yín pé ìtọ̀ ń ta òun, ẹ ó kàn rí i pé ara gbóná, kò jẹun, ó ń ké. Etí dídùn, ọ̀fun, òtútù àyà, gbogbo wọn ló lè fi èébì bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò ká tó fún ọmọ lóògùn. Tẹ́ẹ̀sì ibà tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ kán-ín-kán láti orí ìka ṣe yẹn, kì í ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ tí èsì á ti jáde, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ọmọ yín lóògùn ibà láìṣe é.

Ní ti ọmọ yín tó jẹ́ pé ikọ́ ló ń ṣáájú, àwọn ọmọdé kì í mọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tu, ṣe ni wọ́n ń gbé e mì, á kóra jọ sínú, tí ikọ́ bá wá gbé wọn báyìí gbogbo ẹ̀ á bá oúnjẹ jáde. Tó bá jẹ́ òru ló pọ̀ jù tí àyà ẹ̀ ń súfèé, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ àyà ẹ̀ dáadáa nítorí ásímà. Tó bá sì jẹ́ pé á wúkọ́ títí ojú ẹ̀ á pọ́n, á fa èémí sínú pẹ̀lú ariwo, lẹ́yìn náà kó wá bì, ikọ́ líle tí òyìnbó ń pè ní whooping cough lè ni, ẹ lọ wo káàdì àjẹsára ẹ̀ bóyá ó gba ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá àti ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá pé.

Ìyá Àgbà Ẹdẹ:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Mo ti tọ́ ọmọ, mo ti tọ́ ọmọ-ọmọ. Nígbà tiwa, tí ọmọ bá ti ń bì tó ń yàgbẹ́ a ti mọ̀ pé eyín ló fẹ́ hù, ọmọ tó ń hu eyín ló máa ń ki gbogbo nǹkan bọ ẹnu. Ẹ po ẹ̀kọ kó ṣàn dáadáa, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀, ara ẹ̀ á balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fún un ní nǹkan dídùn o, jẹ̀díjẹ̀dí ló ń dá sílẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ẹ ṣeun mà, Olúwa á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Ohun tẹ́ ẹ sọ pé ọmọ tó ń hu eyín ń ki gbogbo nǹkan bọ ẹnu yẹn, òótọ́ pọ́nńbélé ni, ibẹ̀ gan-an ni kòkòrò ti ń rí ọ̀nà wọlé. Eyín fúnra ẹ̀ kì í mú ọmọ bì mà, kì í sì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Itọ́ á máa dà lẹ́nu ọmọ, erìgì á máa yún un, á máa ké, ara ẹ̀ lè lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó parí síbẹ̀. Láti bí oṣù mẹ́fà títí di bí ọdún méjì ààbọ̀ ni eyín ọmọ ń hù, kò sí àìsàn tó máa ṣe ọmọ láàárín ìgbà yẹn tẹ́ ẹ ya ẹnu ẹ̀ wò tí ẹ ò ní rí eyín kan tó ń bọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, pé ká jókòó ká máa retí kí eyín yọ tán nígbà tó jẹ́ ibà ló ń bá ọmọ jà.

Bọ̀dá Kẹ́místì:
Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ síbẹ̀ yẹn torí ó dùn mí. Ẹ rántí pé ní 2008, òògùn eyín kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ wa níbí ni kẹ́míkà diethylene glycol wọ inú ẹ̀, NAFDAC kó o kúrò lọ́jà, àmọ́ ọmọ tó lé ní 80 ti bá a lọ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó rọlẹ̀, kíndìnrín ni kẹ́míkà yẹn ń bà jẹ́. Èébì wà lára ohun tí kẹ́míkà yẹn kọ́kọ́ ń fà, tí òbí bá sì ti gbà pé eyín ni, òògùn eyín náà lá tún máa fún ọmọ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí eyín hù fúnra ẹ̀.

Ní ti ṣúgà tí Màmá wa sọ, ẹ má bínú mà. ORS, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tá a máa ń fún ọmọ tó ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru kí omi má bàa tán lára ẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀ kì í ṣe ti adùn. Òun ló ń bá iyọ̀ wọlé láti inú ìfun sínú ẹ̀jẹ̀, omi á wá tẹ̀ lé wọn. Tẹ́ ẹ bá yọ ṣúgà kúrò omi ò ní wọlé tó bó ṣe yẹ, tẹ́ ẹ bá sì fi kún un ju bó ṣe yẹ lọ ìgbẹ́ gbuuru á tún pọ̀ sí i. Nítorí náà ẹ má fọwọ́ bù ú lásán. Sáṣẹ́ẹ̀tì tó wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa, odindi lítà kan omi mímọ́ lẹ ó dà á sí, lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má pín sáṣẹ́ẹ̀tì sí méjì, ẹ sì ka ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó pò ó torí àwọn kan wà tó jẹ́ omi kékeré ni wọ́n ṣe é fún. Tí kò bá sí rárá, lítà kan omi tẹ́ ẹ ti sè tó ti tutù, ṣúgà ṣíbí tíì kékeré mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì kékeré, kí gbogbo ẹ̀ rí gérégéré má ṣe ga ju ẹnu ṣíbí lọ. Iyọ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù, tó bá pọ̀ ó léwu fọ́mọ. Ẹ tọ́ ọ wò, tó bá ti niyọ̀ ju omi ojú lọ ẹ dà á nù.

Tí ìgbẹ́ gbuuru bá wà níbẹ̀ ẹ fi síǹkì kún un, ọmọ tó ti lé lóṣù mẹ́fà, 20mg lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, ẹ má dá a dúró torí pé ìgbẹ́ ti ki. Flagyl tí aládùúgbò yín sọ kò lè ṣe nǹkan kan fún fáírọ́ọ̀sì, ó sì korò débi pé ó lè mú ọmọ bì sí i. Phenergan, tí wọ́n máa ń tà fún yín pé á dá èébì dúró á sì jẹ́ kọ́mọ sùn, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò gbọ́dọ̀ mu ún, ó lè dín mímí ọmọ kù. Maxolon àti Plasil tí wọ́n tún ń tà fún èébì, òògùn kan náà ni wọ́n, mo ti rí ọmọ tí wọ́n fún ní i tí ọrùn ẹ̀ yí sẹ́yìn, tí ojú ẹ̀ lọ sókè, àwọn ará ilé ń pariwo gìrì, wọ́n ti ń wá àgbo, òògùn yẹn ló ṣe é. Dọ́kítà lè fún ọmọ ní òògùn èébì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọsibítù, ìyẹn yàtọ̀, ó ti wọn ọmọ, ó sì ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá Súbú:
Ẹ ṣé o. Ṣùgbọ́n tọ́mọ bá ń bi ORS náà ńkọ́? Tèmi nígbà yẹn, bó ṣe ń wọlé ló ń jáde.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ó pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan ló ń fà á. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, ẹ bá gbé kọ́ọ̀pù fún un á gbé e mu tán, inú tó sì ti ń dàrú tẹ́lẹ̀ á dá gbogbo ẹ̀ padà. Tó bá bì, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ẹ fi ṣíbí tíì kékeré tàbí sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fún un ní 5ml, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ẹ tún fún un ní òmíràn. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kẹ́ ẹ máa fi sírínjì sí, ẹ má yìn ín sí i lọ́fun. Iṣẹ́ sùúrù ni o, apá á ro yín, oorun á kùn yín, ẹ jẹ́ kí bàbá ọmọ gbà á lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ lè sinmi, àmọ́ láàárín wákàtí kan ẹ ó rí i pé ó ti gba bíi kọ́ọ̀pù kan sára láìbì í. Tó bá tún bì díẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló jáde, ẹ má sọ̀rètí nù. Tó bá ti ń yàgbẹ́ gbuuru, ọmọ tí kò tíì pé méjì, 50 sí 100ml lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tó ti lé ní méjì, 100 sí 200ml. Ẹni tó bá ṣì ń fún lọ́mú kó máa fún un lọ. Tí èébì bá ti rọlẹ̀, ẹ fún un lóúnjẹ tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀kọ, ìrẹsì rírọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ má fi ebi pa á. Kóòkì, málítì, omi glúkóòsì lásán, júùsì inú páálí, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ṣúgà wọn pọ̀ jù, iyọ̀ tí ara ń fẹ́ kò sí níbẹ̀.

Màmá Ìbejì:
Mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ rírọ ọmọ, torí mo mọ̀ pé ó pọ̀ nílé wa, a kàn kì í dárúkọ ẹ̀ ni. Wọ́n á gbé ọmọ sí àárín itan, wọ́n á fi ọwọ́ ṣe kòtò sí i lẹ́nu, wọ́n á di imú ẹ̀, wọ́n á máa da ẹ̀kọ tàbí àgbo sí i. Ọmọ yẹn ò rí ibi tó máa gbà mí. Á gbé e mì tipátipá, afẹ́fẹ́ á bá a wọlé, bẹ́ ẹ bá ṣe dá a sílẹ̀ báyìí á bì gbogbo ẹ̀, wọ́n á sì tún ní ọmọ ò yó, wọ́n á tún rọ òmíràn. Èyí tó wọ ẹ̀dọ̀fóró nínú ẹ̀, òun ló ń di òtútù àyà tí àwọn ènìyàn ò mọ ibi tó ti wá. Ikùn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ́dún kan kéré. Tó bá ti yí ojú kúrò, tó ti pa ẹnu dé, ó yó nìyẹn. Oúnjẹ díẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ sàn ju abọ́ ńlá méjì lọ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó jókòó díẹ̀ kó tó sùn. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá àwọn tó ń bá yín tọ́jú ọmọ sọ̀rọ̀, kì í ṣe gbogbo wa ló wà nílé lọ́sàn-án láti rí bí wọ́n ṣe ń fún un.

Ọmọ Ìbàdàn ní Peckham:
Ìyá Tẹni, mílíìkì wo ló ń mu, báwo ló sì ṣe pọ̀ tó? Mo béèrè torí ọmọ mi ọkùnrin, bó ṣe ń mu mílíìkì màlúù ló ń bì, ara ẹ̀ á sú, ìgbẹ́ ẹ̀ á ní ikun. A ti ń rò pé ìpápánu ló ń jẹ jù. Dọ́kítà ló ní ká yọ mílíìkì màlúù àti gbogbo nǹkan tí wọ́n fi ṣe kúrò ná, tí bọ́tà àti yógọ́ọ̀tì wà níbẹ̀, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ká tún dá a padà ká wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ la ṣe mọ̀ pé ara ẹ̀ ò gbà á. Kẹ́ ẹ má dá a ṣe o, torí ẹ ó nílò ohun tó máa rọ́pò ẹ̀. Ẹyin àti ẹ̀pà náà máa ń ṣe àwọn ọmọ kan bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ ẹ̀ tán tó ń bì, tí ètè ẹ̀ wú, tí kò mí dáadáa mọ́, ìyẹn kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ máa sùn mọ́jú lórí ẹ̀, ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Ìyá Tẹni:
Mílíìkì oníyẹ̀fun ni, nínú fídà, ó máa ń mu ún kó tó sùn, á tún jí mu ún lóru lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Ó máa ń dùbúlẹ̀ mu ún ni. Ara ẹ̀ ò sú.

Ọmọ Ìbàdàn ní Peckham:
Ó ti pọ̀ nìyẹn. Ọmọ tó ti lé lọ́dún kan, mílíìkì ìdajì lítà lóòjọ́ ti tó o, oúnjẹ ló yẹ kó ṣáájú, tí mílíìkì bá pọ̀ jù ẹ̀jẹ̀ ọmọ tún lè dín kù torí kò ní rí àyè jẹ àwọn nǹkan tó ń fún ara ní áyọ́ọ̀nù. Ẹ jẹ́ kó jókòó mu ún nínú kọ́ọ̀pù, kó tó oorun dáadáa, kẹ́ ẹ rọra gba fídà òru yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọ tó dùbúlẹ̀ mu mílíìkì tó tún wá ń wúkọ́, kò lè ṣe kó má bì.

Bàbá Dára:
Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un kíá. Ọmọ tó ń rìn, tó kàn bẹ̀rẹ̀ sí bì lójijì láìṣe àìsàn tẹ́lẹ̀, ẹ wo ilẹ̀ àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kẹrosíìnì inú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, òògùn èkúté, kọ́sítíìkì tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, òògùn àgbàlagbà. Tó bá jẹ́ kẹrosíìnì tàbí kọ́sítíìkì ló mu, ẹ má fi ọwọ́ há a lọ́fun kó lè bì, ẹ má sì fún un ní epo pupa, torí bó ṣe ń padà bọ̀ lọ́nà ọ̀fun lá tún máa jó ibẹ̀, kẹrosíìnì á sì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé ike yẹn dání lọ sí ọsibítù. Bátìrì róbótó kékeré tó wà nínú rìmóòtù àti ohun ìṣeré, tẹ́ ẹ bá fura pé ó gbé e mì, ẹ má dúró wò ó nínú ìgbẹ́, láàárín wákàtí méjì ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun ọmọ lu. Ọmọ tó ṣubú tó fi orí gbálẹ̀, tó wá ń bì léraléra, ẹ gbé e lọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ó dáa tẹ́ ẹ mú un wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù tí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la, kí ẹni tó bá kà á lóru mọ̀. Ọmọ tó ń bi gbogbo nǹkan, omi, ọmú, ORS, tí nǹkan kan ò dúró. Ọmọ tí gìrì mú, tàbí tó ń sùn ṣáá tí kò ṣeé jí dáadáa. Èébì tó dà bí ewé tútù, tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀, tàbí tó dúdú bíi kọfí. Ikùn tó wú tó le. Ọmọ tó ń ké kíkorò tó ń ká ẹsẹ̀ mọ́ àyà, á dákẹ́ díẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀, tí ìgbẹ́ ẹ̀ wá ń mú ẹ̀jẹ̀ àti ikun jáde, ìfun lè ti wọ inú ara wọn, oníṣẹ́ abẹ ló máa rí sí i, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ò lè tú u. Ọrùn tó le tí kò lè tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ibà, torí yírùnyírùn. Ọmọ tí kò tọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́jọ, tó ń sunkún láìsí omijé, tí ojú ẹ̀ jìn wọnú, tí ẹ bá fa awọ ikùn ẹ̀ tí kò tètè padà, omi ti ń tán lára ẹ̀ nìyẹn. Tí ìgbẹ́ ẹ̀ bá ń tú yàà bí omi ìrẹsì, pàápàá tí onígbáméjì bá wà ládùúgbò, ẹ máa fún un ní ORS lọ́nà títí ẹ ó fi dé ọsibítù.

Àwọn méjì kan tún wà tí kì í yára pa èèyàn lẹ́rù ṣùgbọ́n tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbójú fò. Ọmọ tó ń bì láràárọ̀ bó ṣe jí, tó ń di orí mú, tó wá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nígbà tó ti mọ̀ ọ́n rìn tẹ́lẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yẹ orí ẹ̀ wò. Èyí tó ń mu omi bí ẹni tí òùngbẹ fẹ́ pa, tó ń tọ̀ ṣáá, tó ń rù, tó tún wá ń bì, ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò lọ́jọ́ yẹn gan-an, ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe ọmọdé. Àìrígbẹ́yà náà máa ń fa èébì, ẹ béèrè ìgbà tó yàgbẹ́ kẹ́yìn lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀.

Ìyá Súbú:
Ti rotavirus yẹn, ṣé àjẹsára ẹ̀ wà níbí?

Bọ̀dá Kẹ́místì:
Ó wà. Láti 2022 ló ti wọ inú àwọn tí wọ́n ń fún ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìlera alábọ́ọ́dé ní Nàìjíríà, wọ́n ń kán an sọ́mọ lẹ́nu ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá. Ẹni tó bá ń bímọ lọ́wọ́ kó rántí béèrè. Kì í dá gbogbo èébì dúró, àmọ́ èyí tó ń gbé ọmọ dé ẹnu dírípù ló ń dín kù. Ọṣẹ àti omi náà, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ páḿpásì àti kẹ́ ẹ tó po oúnjẹ.

Ìyá Tẹni:
Ẹ ṣeun gan-an ni, màá gbé e lọ láàárọ̀ ọ̀la kí wọ́n gbọ́ àyà ẹ̀. Ìbéèrè mi tó kù, ORS tí mo pò, tí kò bá mu ún tán, ṣé mo lè gbé e sí fìríìjì dọ̀la?

Bọ̀dá Kẹ́místì:
Wákàtí mẹ́rìnlélógún péré mà. Ẹ dé e, ẹ kọ àkókò tẹ́ ẹ pò ó sára ike yẹn, èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyẹn ẹ dà á nù kẹ́ ẹ po tuntun. Ẹ má gbé e kaná, ẹ má sì da mílíìkì tàbí júùsì sínú ẹ̀. Tí kò bá fẹ́ràn iyọ̀ ẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ nínú fìríìjì, àwọn ọmọ máa ń gbà á ju èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ.